Ti Àárín Ńkọ́?

Mọ́ńdè, 3 Oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Aṣọ ilé ìwòsàn tí à ń bá wọn fọ̀ dé, ó kún ọkọ̀ méjì, kò sì síbi tí a ó sá a sí. Nínú gbogbo èyí ni Ọ̀gá Àgbà pe àwa tí à ń darí ènìyàn jọ, bó ṣe ẹnì kan péré lèèyàn ń darí. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ yìí títí oṣù yóò fi parí, a ó máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe olórí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Òun alára á kọ́ ọ, àwa olórí yàrá á kọ́ ọ, àwọn igbákejì wa á kọ́ ọ, mẹ́káníìkì náà. Aṣọ́nà jókòó sẹ́yìn. Mo bi í pé ta lòun ń darí. Ó ní ajá.

Mo bi Ọ̀gá pé ta ni yóò máa lọ aṣọ nígbà tí gbogbo wa bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ó ní, "Màmá, ìbéèrè tó dáa nìyẹn." Kò sì dáhùn ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ló dùn mọ́ mi níbẹ̀. Igbákejì tó bá yege, wọn ó fi ṣe olórí yàrá. Bí Adákẹ́, igbákejì mi, bá yege, yóò gba yàrá ìlọṣọ lọ́wọ́ mi, èmi ó sì bọ́ sí yàrá ìyẹ̀wò, níbi tí wọ́n ti ń jókòó yẹ aṣọ wò. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi títí ó fi sú u: bí mi ò bá kúrò nídìí ìdúró àti ooru yẹn, ẹsẹ̀ yìí ni yóò bá mi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí kò bá yege, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Tọ́sìdeè, 6

Olùkọ́ dé. Ó ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó parí, àwọn obìnrin yàrá mi ti fún un lórúkọ: Eyín-ò-sinmi.

Ó ní ká má pe òun ní sà, ká pe òun lórúkọ òun gan-an. Aṣọ́nà ní, "A ti gbọ́, sà."

Ó fa odidi búrẹ́dì kan yọ nínú báàgì, ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó mú ègé méjì, ó fi ẹyin sísè há a láàárín. Ó ní, "Báyìí la ṣe ń sọ àléébù ènìyàn fún un. Ẹ kọ́kọ́ yìn ín: búrẹ́dì. Ẹ wá ki ọ̀rọ̀ yín bọ àárín: ẹyin. Ẹ tún yìn ín: búrẹ́dì. Ṣé ẹ rí i? Kò ní mọ̀ pé ẹ bá òun wí. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: yinniyinni kẹ́ni ó ṣèmíì!"

A pàtẹ́wọ́. Èmi ń wo búrẹ́dì. Ó ti wọ́n débi pé ìdajì là ń rà nílé wa báyìí. Nígbà tí a tú ká, ó kó gbogbo ègé tó kù padà sínú báàgì, ó gbé e lọ. Kò fi lọ ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé sọ fún mi iye tí wọ́n ń san fún un. Ó tó owó ọṣẹ wa fún ìgbà pípẹ́, bẹ́ẹ̀ láti oṣù tó kọjá la ti ń bomi lu ọṣẹ nítorí pé "owó ò sí." Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, wọ́n wá ń sanwó fún làpálàpá.

Wẹsidé, 12

Wọ́n ní ká lọ dán ẹ̀kọ́ wò lára àwọn tí à ń darí. Mo bá Ìyá Ìbejì nídìí tábìlì níbi tó ti ń ká aṣọ. Opó ni, kò sẹ́ni tó mọ aṣọ ká bíi tiẹ̀. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun o, aṣọ tí ẹ ká lónìí yìí gún gan-an."

Ńṣe ló jù ú sílẹ̀. "Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Mo ń yìn yín ni."

"Mo gbọ́. Ti àárín ńkọ́?"

Àṣé olórí àwọn tó ń kó aṣọ jáde ti yìn ín lánàá. Ó yìn ín, ó gba àkókò ìsinmi ẹ̀, ó tún yìn ín. Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ti kí èèyàn kú iṣẹ́ báyìí, wọn á ní, "Ti àárín ńkọ́?"

Mo ròyìn ẹ̀ fún bàbá àwọn ọmọ mi nílé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé tíì tí mo gbé fún un mu, ó ní, "Ìyàwó mi, tíì yìí dùn." Mo ní ti àárín ńkọ́. Ó ní ṣúgà ò sí nínú ẹ̀.

Mọ́ńdè, 17

Òjò ò dá. Iná lọ, ó dé, ó lọ. Epo dísẹ́ẹ̀lì tún gbówó lórí.

Eyín-ò-sinmi ní kí Adákẹ́ bọ́ síwájú. Ó ní, "Ṣe bí ẹni pé èmi ni òṣìṣẹ́ ẹ. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bá mi sọ̀rọ̀."

Adákẹ́ wò ó. Ó ní, "Ẹ pẹ́. Ẹ má pẹ́ mọ́." Ó lọ jókòó.

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Eyín-ò-sinmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ méjì ló fún un nínú mẹ́wàá. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹ gbẹ, arábìnrin. Kò ní òróró." Ọ̀gá Àgbà mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Lọ́nà ilé, Adákẹ́ bi mí pé, "Àǹtí, ṣé kò pẹ́ ni?"

"Ó pẹ́."

"Kí ló wá kù tí n ó sọ?"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi ló kù." Ó wo ẹsẹ̀ mi. Mo ní kó wá sílé mi lọ́jọ́bọ̀, n ó kọ́ ọ.

Ìyálé náà ti bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá wa, tó ń yí, tó ń fi ooru tẹ aṣọ, la ń pè bẹ́ẹ̀, torí òun ni gbogbo wa bá níbẹ̀. Ọ̀pá gbọọrọ kan wà lẹ́nu ẹ̀. Bí ọwọ́ bá kàn án báyìí, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró kí ọwọ́ má bá aṣọ wọlé. Lónìí ọwọ́ kàn án, Ìyálé yí lọ díẹ̀ kó tó dúró. Mo sọ fún mẹ́káníìkì. Ó ní, "Mo ti rí i. Èyí tí a ó fi pààrọ̀ ẹ̀, Ọ̀gá ló máa fọwọ́ sí i. Ọ̀gá ń kẹ́kọ̀ọ́."

Mo gun òkè lọ bá Ọ̀gá. Mo ní, "Ọ̀gá, ọ̀pá Ìyálé ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́." Ó gbọ́wọ́ sókè bí Eyín-ò-sinmi ṣe ń gbé e. Ó ní, "Màmá, Màmá. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn? Ẹ lọ to ọ̀rọ̀ yín dáadáa, kẹ́ ẹ padà wá."

Mo ní ṣé ká jẹ́ kí Ìyálé sinmi títí n ó fi tò ó tán. Ó ní, "Kí aṣọ ilé ìwòsàn máa wò wá?"

Mo sọ̀kalẹ̀. Bí ẹni tó gbé iyọ̀ mì ni mo ṣe ń ṣe. Ká ní mo tètè bímọ ni, mo lè bí Ọ̀gá lọ́mọ.

Tọ́sìdeè, 20

Adákẹ́ wá. À ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná. Mo ní, "Yìn mí."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ohunkóhun."

Ó nu ọwọ́ ẹ̀, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rò ó títí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ga."

Mo jókòó sórí àpótí, mo rẹ́rìn-ín débi pé bàbá àwọn ọmọ sáré wá wò wá. Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo sọ fún Adákẹ́ pé kó ronú kan ẹnìkan tó fẹ́ràn, kó wá sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ onítọ̀hún fún ẹlòmíì. Ó ní irọ́ nìyẹn. Mo ní irọ́ kọ́, òróró ni. A ṣe é, a tún un ṣe. Kó tó lọ, ó ti ń dán bíi bàtà tuntun. Ó ní kí ni kí òun wá fi sí àárín lọ́jọ́ ìdánwò. Mo ní ohunkóhun tó bá ṣáà ti jẹ́ òótọ́, kó lè rọrùn fún un.

Fráìdè, 21

Ìyálé kọ̀ láti dúró lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Mo pàṣẹ kí gbogbo wọn máa fi ọwọ́ jìnnà sí ẹnu ẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Báwo lèèyàn ṣe ń fún ẹ̀rọ láṣọ jẹ kó sì jìnnà sí ẹnu ẹ̀?

Túsìdeè, 25

Ìdánwò. Wọ́n gbé àga ńlá síwájú, Ọ̀gá Àgbà jókòó sórí ẹ̀, kí igbákejì kọ̀ọ̀kan bọ́ síwájú ẹ̀ wá sọ àléébù kan fún un bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹni àkọ́kọ́ ní táì Ọ̀gá ti pupa jù. Ẹnì kejì ní Ọ̀gá kì í sinmi tó. Ọ̀gá ń gbádùn ara ẹ̀.

Ó kan Adákẹ́. Ó dúró ṣánṣán, ó rẹ́rìn-ín, mi ò rí eyín ọmọbìnrin yẹn rí. Ó ní:

"Ọ̀gá wa, bàbá ni ẹ jẹ́ fún wa. Láti ìgbà tí ẹ ti dé, ilé iṣẹ́ yìí ń dán, orúkọ wa ń tàn ká gbogbo ilé ìwòsàn. Ọ̀pá tó wà lẹ́nu Ìyálé kì í dá ẹ̀rọ dúró mọ́ bó ṣe yẹ, ó sì lè mú ọwọ́ èèyàn wọlé. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ẹ ní sí wa, kò láfiwé, gbogbo wa la sì ń fi yín yangàn."

Ilé dà rú. Ọ̀gá Àgbà dìde, ó pàtẹ́wọ́. Eyín-ò-sinmi fò sókè: "Ẹ gbọ́ ọ? Ẹ gbọ́ bó ṣe yọ̀ wọlé, tó tún yọ̀ jáde? Kò gbẹ mọ́!" Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Òun ló ga jù.

Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ó dún ju ti gbogbo wọn lọ. Ẹsẹ̀ mi ti fúyẹ́, mo ti ń rí àga mi ní yàrá ìyẹ̀wò.

Lọ́nà ilé mo ń jó. Adákẹ́ ń rìn jẹ́ẹ́. Ó ní, "Àǹtí, ìgbà wo ni wọ́n máa tún un ṣe?"

"Tún kí ni ṣe?"

"Ọ̀pá."

Mo ní, "Sùúrù. Ọ̀gá ti gbọ́."

Ó ní, "Ṣé ó gbọ́?"

Wẹsidé, 26

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ àárọ̀. Mo lọ bá Ọ̀gá, wọ́n ní ó ń bá Eyín-ò-sinmi ya fọ́tò. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní wọ́n ti jọ jáde.

Lọ́sàn-án, akọ̀wé lẹ ìwé ńlá kan mọ́ ara ògiri yàrá wa, ọ̀rọ̀ Adákẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀ láti fi ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo ilé iṣẹ́. Lókè: "Bàbá ni ẹ jẹ́ fún wa." Nísàlẹ̀: "Ìfẹ́ tí ẹ ní sí wa, kò láfiwé." Ó tán.

Ìyá Ìbejì kà á lókè, ó kà á nísàlẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ti àárín ńkọ́?"

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Fráìdè, 28

Ìyálé mú Ìyá Ìbejì lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹni tó yẹ kó fún un láṣọ, tí òun náà ń darí ẹnì kan, lọ sí ẹ̀kọ́ àwọn tí kò yege, ni Ìyá Ìbejì bá fi tábìlì ẹ̀ sílẹ̀, ó lọ dúró fún un. Aṣọ ká pọ̀, ó na ọwọ́ láti tẹ́ ẹ, ọwọ́ kan ọ̀pá, Ìyálé ń yí lọ. Igbe ẹ̀ ṣì wà létí mi. Adákẹ́ ló sáré já iná lára ògiri. A yọ ọwọ́ náà. Mi ò ní kọ bó ṣe rí.

Ọkọ̀ tó ń kó aṣọ la fi gbé e. Ilé ìwòsàn tó ni aṣọ la gbé e lọ. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, aṣọ orí ibùsùn náà, àwa la lọ̀ ọ́. Mo mọ ìlà tí Ìyálé máa ń fà sétí aṣọ.

Dókítà ní ìka kan ò ní tẹ̀ mọ́. Àwọn yòókù á jinná.

Mọ́ńdè, 1 Oṣù Keje

Wọ́n pè wá sí òkè. Ọ̀gá Àgbà, akọ̀wé, mẹ́káníìkì, Eyín-ò-sinmi tó wá gba owó ẹ̀ tó kù, Adákẹ́, èmi. Ọ̀gá ní, "Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Mẹ́káníìkì ń wo bàtà ara ẹ̀.

Ó kọjú sí Adákẹ́. "Ìwọ tó o gba ipò kìíní. Ẹ̀rọ ń bàjẹ́ ní yàrá yín, o ò sọ?"

"Mo sọ, sà."

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ ìdánwò."

"Ta lo sọ fún?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ pàtẹ́wọ́."

Eyín-ò-sinmi ní, "Àpẹẹrẹ mà nìyẹn! Àpẹẹrẹ la ní kẹ́ ẹ ṣe!"

Adákẹ́ ní, "Ẹ ò ní ká fi irọ́ ṣe é."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí eyín ọkùnrin yẹn sinmi.

Ọ̀gá yí sí mi. "Màmá, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

Mo ní, "Mo wà níbẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́, ọwọ́ mi sì ń rí mi lára láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí n tó pàtẹ́wọ́, mo ti gun àtẹ̀gùn yìí wá, ẹ ní kí n lọ tò ó. Ọ̀rọ̀ ni mo gbé wá, ẹ ní búrẹ́dì lẹ fẹ́."

Wẹsidé, 3

Ọ̀gá pe èmi nìkan. Ó ní kí n jókòó, ó ní kí wọ́n gbé tíì wá. Ó ní, "Màmá, òpó ni yín nílé iṣẹ́ yìí. Bí gbogbo èèyàn bá rí bíi yín..."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ sọ ti àárín."

Ojú ẹ̀ yí padà, ó sì sọ ọ́. Kí n fọwọ́ sí i pé Ìyá Ìbejì ló fi ọwọ́ ara ẹ̀ síbi tí wọ́n ní kó má fi í sí. Ṣebí èmi ni mo pàṣẹ pé kí wọ́n jìnnà sí ẹnu ẹ̀rọ? Òótọ́ nìyẹn. Bí mo bá ti ṣe é, Adákẹ́ á gba yàrá ìlọṣọ lọ́jọ́ Ajé, èmi á lọ jókòó ní yàrá ìyẹ̀wò. Ó wo ẹsẹ̀ mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ó mọ ohun tó ń rà.

Mo wo tíì náà. Wọ́n fi ṣúgà sí i dáadáa.

Ní tòótọ́, mo rò ó. Ẹsẹ̀ mi ń dùn mí níbi tí mo jókòó sí. Ìka Ìyá Ìbejì ò sì ní tìtorí pé mo kọ̀ wá tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ní kí n la ẹnu, mo ti tíì náà sẹ́yìn. Ọwọ́ obìnrin jóná, èmi yóò wá fi ọwọ́ tèmi tó ṣì dá ṣáká kọ ọ́ pé òun ló jẹ̀bi. Kí n wá jókòó sórí ẹ̀ lójoojúmọ́?

Mo ní, "Rárá, sà."

Ó ní, "Màmá, mo ṣì bọ̀wọ̀ fún yín gan-an." Ẹ ò rí nǹkan? Títí dé ìsàlẹ̀, ó rántí búrẹ́dì kejì.

Tọ́sìdeè, 4

Àwọn obìnrin yàrá mi dé, wọ́n dúró, wọn ò fi aṣọ kankan sẹ́nu Ìyálé. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n jọ. Adákẹ́ kàn dúró nídìí iná ara ògiri, ó fi ọwọ́ lé e. Ọ̀gá wá. Ó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́..." Gbogbo wọn pa ẹnu pọ̀: "Ti àárín ńkọ́?"

Aṣọ ilé ìwòsàn ga dé àjà. Awakọ̀ wọn ń fun fèrè níta. Ọ̀gá wo aṣọ, ó wò wọ́n, ó ké sí mẹ́káníìkì pé kó lọ ra ọ̀pá tuntun.

Mo ti béèrè iye rẹ̀. Kò tó owó tí Eyín-ò-sinmi gbà fún ọjọ́ kan.

Sátidé, 6

Mo lọ wo Ìyá Ìbejì. Ọ̀gá ti gbà láti san owó ìtọ́jú ẹ̀, torí dókítà fúnra ẹ̀ ló kọ̀wé sí i, a ò sì gbọ́dọ̀ pàdánù aṣọ ilé ìwòsàn. Ó jókòó, wọ́n di ọwọ́ ẹ̀, ó tóbi bí orí ọmọdé. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, ojú yín ti mọ́lẹ̀." Ó ní, "Ẹ má dán an wò."

Mọ́ńdè, 8

Òjò dá. Ìwé wá láti òkè. Wọ́n kí Adákẹ́ kú oríire ipò kìíní. Ní ti olórí yàrá, kó ní sùúrù di ẹ̀kọ́ ọdún tó ń bọ̀, torí "ìwà rẹ̀ ṣì nílò òróró díẹ̀". Wọ́n tún kí i kú oríire. Èmi náà ò lọ sí yàrá ìyẹ̀wò. Mo ka ìwé náà tán, mo fẹ́ tu itọ́, mo rántí pé aṣọ funfun ló yí mi ká.

Ọ̀pá tuntun ń dán lẹ́nu Ìyálé. Adákẹ́ fi igi kàn án, ẹ̀rọ dúró lójú ẹsẹ̀. Ó tún fi kàn án. Ó dúró. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó wá gbé àpótí ọṣẹ kan tó ti ṣófo, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ó tẹ́ aṣọ lé e. Ó bọ́ síwájú mi, níwájú gbogbo wọn.

Ó ní, "Àǹtí, ẹsẹ̀ yín ti wú. Ẹ ò lè dúró mọ́. Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ máa ti ibẹ̀ darí wa. Èmi ó máa dúró."

Mo ní Ọ̀gá ti sọ pé olórí yàrá kì í jókòó.

Ó ní, "Kó wá gbé yín dìde."

Mo dúró dè é kó rẹ́rìn-ín, kó tún sọ pé mo ga. Mo ní, "Búrẹ́dì ńkọ́?"

Ó ní, "Kò sí, Àǹtí. Àárín nìkan ni."

Mo jókòó.